Tíṣà Má-fọwọ́-kàn-án, Tó Fi Ara Rẹ̀ Ṣe Kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ béèrè Tíṣà Má-fọwọ́-kàn-án, kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ó ti kú. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni ti ọjọ́ tó rìn jáde ní kíláàsì níwájú alábẹ̀wò ìjọba, tó gba géètì kọjá, tó já sí títì, tí apá ẹnikẹ́ni ò sì ká a mọ́. Káfíńtà á ní ojú òun ló ṣe. Onígbàjámọ̀ á ní irọ́ ni, ojú tòun ló ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn méjèèjì ti bu iyọ̀ sí i jù.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti karùn-ún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ti kú. Ẹnì kan ló fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ, bóyá torí kò ríbi tó máa dà á nù sí. Ó wà lórí tábìlì lábẹ́ aṣọ funfun, ọmọ kan ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. "Má fọwọ́ kàn án!" Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Tíṣà, kí ló tún lè bàjẹ́ lára nǹkan tó ti bàjẹ́?"

"Mà, òkú náà ní ọ̀wọ̀ tiẹ̀," ni Tíṣà wí.

Báwo lèèyàn ṣe wá ń fi ẹ̀rọ tó ti kú kọ́ ọmọ? Tíṣà ní inú ẹ̀rọ kọ́ niṣẹ́ náà wà, inú àṣẹ tí èèyàn ń pa fún un ló wà. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Kọ̀ǹpútà ò gbọ́n o. Ohun tó o bá ní kó ṣe nìkan ló máa ṣe. Tó ò bá ní kó dúró, kò ní dúró." Kó lè yé wọn, òun fúnra rẹ̀ á di ẹ̀rọ. Ọmọ kan á tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó ti tàn nìyẹn. Ojú rẹ̀ á le koko, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló kọ sára pátákó: DÌDE, JÓKÒÓ, RÌN, YÀ SỌ́TÙN-ÚN, YÀ SÓSÌ, DÚRÓ. Mẹ́fà yẹn nìkan ló ń gbọ́, títí ọmọ náà á fi tẹ̀ ẹ́ léjìká padà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa nílé kì í pàṣẹ fún àgbà. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́; odidi oṣù kan ni Tíṣà fi bá wọn fà á. Ọmọ á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun, ẹ dìde sà." Tíṣà ò ní mira. Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó pàṣẹ. Ìgbà tó máa fi dìde, ó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Nígbà tó sú Tíṣà, ó bẹ̀ wọ́n pé tóun bá ti di ẹ̀rọ, òun kì í ṣe àgbà mọ́, òun ò lọ́jọ́ orí, kí wọ́n bá òun fi ọ̀wọ̀ òun pamọ́ dìgbà tóun bá padà di èèyàn.

Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn, ìyá àgbà kan wá fẹjọ́ sùn. Ó ní ọmọ-ọmọ òun tẹ òun léjìká láàárọ̀, ó sì ní, "Dìde."

"Ṣé ẹ wá dìde, Ìyá?"

"Mo dìde o! Ẹ̀rù bà mí!"

"Ó ti yé e nìyẹn," ni Tíṣà wí, inú rẹ̀ sì dùn dọ́ba.

Nígbà tó wá di ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe. Ó ń bọ̀ wá yọ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kúrò ní ilé-ìwé tí ò ní kọ̀ǹpútà. Tó bá sì yọ ọ́, ó yọ Tíṣà nìyẹn. Tíṣà pe ọmọ télọ̀ jáde, ọmọbìnrin tínńtín kan tó gbọ́n jù nínú wọn, pé kó mú òun lọ síwájú àlejò, kó sì dá òun dúró níbẹ̀. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ léjìká. "Dìde." Ó dìde. "Yà sọ́tùn-ún." Ó yà. "Rìn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àfi bí alábẹ̀wò, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó wọ kóòtù nínú ooru, ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bi ọmọ náà pé, "Kí lorúkọ ẹ?" Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sọ orúkọ tiẹ̀, ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó tún fi ti ìyá rẹ̀ kún un. Kó tó dìde, Tíṣà ti kọjá lára àlejò, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dúró sà!" ni gbogbo kíláàsì ké. Kò gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró!" Ẹ̀rù ti lé gbogbo ẹ̀kọ́ jáde lórí wọn, ọ̀wọ̀ nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Bàbá Géètì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, rí i tó ń bọ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ ti ń lọ ni, Tíṣà?"

Tíṣà kọjá láìwò ó. Bàbá Géètì ní, "Kí ni mo ṣe fún un?" ó sì tẹ̀ lé e láti lọ tọrọ àforíjì.

Bí wọ́n ṣe já sí títì nìyẹn. Tíṣà wà níwájú, ọmọ mọ́kànlélógójì tẹ̀ lé e, alábẹ̀wò tẹ̀ lé àwọn ọmọ, ọ̀gá ilé-ìwé ló kẹ́yìn, ó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́. Onígbàjámọ̀ fi ẹni tó ń fárí fún sílẹ̀ ní ààbọ̀ orí, ó sáré jáde. Ògiri ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló dá Tíṣà lọ́nà. Ó fi imú kan ògiri náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sókè-sódò lójú kan náà. Káfíńtà yọjú. "Tíṣà, ta lẹ̀ ń wá nínú ògiri mi?"

Ọmọ télọ̀ sáré dé, omijé ti bo ojú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké: "Dúró!" Tíṣà dúró gbọnyin. Ni gbogbo àgbààgbà tó wà ní títì bá kọjú sọ́mọ náà. "Ìwọ ọmọ yìí! Ẹni tó lè bí bàbá ẹ lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?" Télọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń bọ̀, téèpù ìwọnṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà ò sì lè gba ọmọ sílẹ̀, torí kò tíì sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ léjìká padà. Alábẹ̀wò ló bẹ́ sáàárín wọn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ẹ má nà án o! Nínú gbogbo wa níbí, òun nìkan ló mọṣẹ́."

Alábẹ̀wò ò yọ ẹ̀kọ́ náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fún ilé-ìwé ní ọdún kan. Tí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ bá wà níbẹ̀ kí ọdún tó yípo, ó dáa. Tí ò bá sí, kí wọ́n pa ẹ̀kọ́ náà tì, kí tíṣà rẹ̀ sì máa lọ sílé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi rẹ́rìn-ín ní àdúgbò. Tíṣà ò bá wa rẹ́rìn-ín. "Kó máa lọ sílé" ló gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nílé ọ̀hún? Kò sí nǹkan kan. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Títún tápùráìtà ṣe niṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tápùráìtà kógbá wọlé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lókè òkun. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà á síṣẹ́ torí pé nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ohun tó ní bọ́tìnì kì í bà lẹ́rù. Látìgbà tí ilé-ìwé bá ti tú lọ́sàn-án títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ lójú fèrèsé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Oníròyìn ka ìròyìn tán, ó ní, "Ó dìgbà kan ná o." Tíṣà ní, "Ah-ah, ṣé o ti ń lọ náà nìyẹn?"

Ọmọ rẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Àìkú. Tí fóònù bá ti dún, Tíṣà á kọ́kọ́ yí ohùn rédíò sókè.

"Bàámi, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Àlejò ni."

"Ó mà ń sọ̀rọ̀ nípa owó epo mọ́tò."

"Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló dùn ún, jẹ́ kó sọ ọ́."

Kò fẹ́ kí ọkàn ọmọ náà máa dà rú lọ́nà jíjìn. Ọmọ náà á ní kí ó gbádùn àlejò rẹ̀, á pa fóònù, Tíṣà á sì yí rédíò wálẹ̀ padà. Ohun tó mú kó máa pẹ́ níléèwé nìyẹn. Á gbálẹ̀ tán, á tún un gbá. Á ṣí aṣọ lórí kọ̀ǹpútà, á nù ún, á tún bò ó padà.

Bàbá Géètì á ní, "Tíṣà, ilé ń retí yín o."

"Ilé ò lẹ́sẹ̀, kò lè sá lọ."

"Mo fẹ́ ti géètì ni."

"Ẹ tì í. Mo wà nínú."

Bàbá Géètì á rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lọ́jọ́ mìíràn, ẹkún ló máa ń gbọ̀n òun.

Lọ́dún tí wọ́n fún un yẹn, ẹ wo Tíṣà! Ó gé páálí sí mọ́kànlélógójì, ó ya gbogbo bọ́tìnì kọ̀ǹpútà sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ títẹ̀ nílé. Ọmọ bíríkìlà gbàgbé páálí tiẹ̀ sí kíláàsì. Bàbá rẹ̀ sun oorun ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé, ó dojú bolẹ̀, kò wẹ̀wù. Bíríkìlà wá bá Tíṣà lọ́jọ́ Ajé.

"Tíṣà, ọmọ mi ń tẹ nǹkan sí mi lẹ́yìn."

Tíṣà pe ọmọ náà. "Kí lo tẹ̀?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ pé, 'Bàbá mi, bàtà mi ti ya.'"

Bíríkìlà wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bàtà tuntun lọmọ náà wọ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Látìgbà yẹn ni Tíṣà ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé páálí òun ń ṣiṣẹ́.

Páálí kọ́ ni alábẹ̀wò béèrè ṣá. Tíṣà bá mú ẹni tó ń tún aago ṣe lọ síléèwé, àwọn méjèèjì sì tú kọ̀ǹpútà náà palẹ̀. Wọ́n tò ó padà tán, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́kù. "Èwo lèyí?" ni alátùn-únṣe aago bi í. Tíṣà ní, "Àṣejù ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ni." Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tàn! Àwọn ọmọ pariwo, ọ̀gá ilé-ìwé tí kì í pariwo náà pariwo. Ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi tì í, kó tó lè ṣí fún wọn. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹnì kan ò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ sà!" ni ọmọ kan wí.

Tíṣà tẹ orúkọ tiẹ̀ sí i. Kò gbà. Ó tẹ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kò gbà. Ó tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ẹ̀rọ náà fi wà láyé, lẹ́yìn náà ló rú èéfín díẹ̀, ó sì padà síbi tó ti wá. Tíṣà yíjú sí àwọn ọmọ. "Ó lóun ò mọ̀ mí rí. Kò burú. Kì í ṣe òun nìkan." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀gá ilé-ìwé bá a níbi tó jókòó sí tó ń sunkún. Kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun rí i.

Ó ku oṣù kan kí ọdún pé ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan fi kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́wàá ránṣẹ́ síléèwé wa. Mẹ́wàá! Ọjọ́ mẹ́ta ni Tíṣà fi jó kiri àdúgbò. Ọjọ́ kẹrin ni lẹ́tà dé pé ẹ̀kọ́ náà dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa kọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Tíṣà ò ní. Wọ́n ti yan obìnrin ọ̀dọ́ kan tó ní. Ẹ̀kọ́ dúró, tíṣà lọ. Mo mọ̀ pé òfin lòfin, àmọ́ inú ṣì ń bí mi sí lẹ́tà yẹn di òní.

Lọ́jọ́ tí Tíṣà fẹ́ gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, tíṣà tuntun rò pé kọ́kọ́rọ́ ló fẹ́ fún òun. Ìwé àjákọ kan ló fún un, tí orúkọ àwọn ọmọ mọ́kànlélógójì wà nínú rẹ̀. "Èyí kì í jẹun kó tó wá, má bi í ní nǹkan kan kó tó di àkókò ìsinmi. Èyí ò ríran dáadáa, ojú ló ń tì í, mú un wá síwájú. Èyí ń purọ́, àmọ́ irọ́ rẹ̀ dùn, jẹ́ kó parí ẹ̀." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà wo àwọn ẹ̀rọ tuntun náà. "Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o. Dáadáa." Ó wá lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, a ò rí i níta. Ní ti tíṣà tuntun, ẹnu ń yà á. Kò rí ọmọ tó ń tẹ nǹkan ní ìtẹ̀kútẹ̀ẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ronú ná, á wá pàṣẹ ohun tó fẹ́ gan-an. Ó bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́ wọn, wọ́n sọ fún un, ìtàn ògiri káfíńtà sì mú un rẹ́rìn-ín débi tó fi di tábìlì mú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló lọ kanlẹ̀kùn Tíṣà.

"Mi ò ráyè," ni Tíṣà wí látinú ilé. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Iṣẹ́ wo ni sà?"

"Mò ń to àga."

Tíṣà tuntun yọjú wọlé. "Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ sà."

"Òun náà ló ṣòro ún tò."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Sà, àyè kan ṣófo lẹ́yìn kíláàsì mi."

"Àyè tíṣà?"

"Rárá sà. Ti akẹ́kọ̀ọ́."

Tíṣà jókòó sórí àga kan ṣoṣo náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Gbogbo èyí tí mo lò rí ò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ."

"Mo gbọ́ sà."

"Ṣé màá wọ yúnífọ́ọ̀mù?"

"Ẹ ò ní wọ̀ ọ́ sà."

"Ó dáa. Ẹsẹ̀ mi ò dáa nínú ṣòkòtò péńpé."

Bó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ kejìlélógójì nìyẹn. Àga kékeré, orúnkún ń kan àgbọ̀n. Ó ń nawọ́ sókè kó tó jáde lọ tọ̀. Ọmọ télọ̀ ló jókòó tì, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń wò kọ. Tíṣà tuntun mú wọn. Kò lè fi ìyà jẹ àgbà, ó bá ní kí ọmọ télọ̀ nìkan dìde dúró. Kí ó tó wẹ̀yìn, Tíṣà ti dìde, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó káwọ́ sókè. Ó ní àwọn méjèèjì làwọn jọ dá a.

Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ tí tíṣà tuntun fún wọn ni kí olúkúlùkù tẹ orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀. Kò rò ó dáadáa, ẹ má bínú sí i. Nígbà tó máa rántí, Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀, ìka kan ló fi ń tẹ̀. Àwọn tó kù parí kíákíá. Aago lù, Tíṣà ṣì ń tẹ̀. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ó kọ̀. Ìgbà tí wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde sórí bébà, orúkọ kan wà lókè tí tíṣà tuntun ò mọ̀. Àwọn mọ́kànlélógójì tó kù, ó mọ̀ wọ́n dáadáa.

"Sà, ará ilé ni mo ní."

"Mo gbọ́," ni Tíṣà wí.

Ó fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ìgbà òjò ló kú. Kò wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan, Bàbá Géètì sì lọ wò ó, ó bá a lórí àga rẹ̀, ó ti sùn lọ. Ọmọ rẹ̀ dé láti òkè òkun lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu rẹ̀ jáde: "Mo fi bàbá mi sílẹ̀ lóun nìkan. Òun nìkan ló dá kú." A ò mọ ohun tá a máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, torí kò parọ́ púpọ̀.

Ó wọ yàrá lọ láti kó ẹrù, ó sì bá bébà yẹn lára ògiri lókè ibùsùn. Orúkọ tiẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Ó ka èyí tó kù títí dé ìsàlẹ̀, ó yíjú sí Bàbá Géètì.

"Bàbá, àwọn wo nìwọ̀nyí?"

Bàbá Géètì ṣíwájú rẹ̀ jáde ní yàrá. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, àwọn mọ́kànlélógójì, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn àti ilẹ̀ títí dé ẹ̀bá ògiri, kò sí ariwo kankan. Àwa àgbà dìde láti tún kí i. Ó gba àárín wa kọjá, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú àwọn ọmọ náà, òun ló sì kọ́kọ́ kí wọn.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ló wí fún wọn.

Ọmọ télọ̀ sún díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún un.